Ṣé Ebi Ń Pa Ọ́ Ni, Àbí O Ti Ń "Starve"? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ẹ kú àtijọ́ o. Nígbà tí mo ní kí ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń dà yín láàmú, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ebi ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹ ti jọ sọ ọ́ kí ẹ tó kọ̀wé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀. Àwọn tó jọra mo kó wọn pọ̀, mo sì yọ orúkọ gbogbo yín kúrò, torí àwọn kan bẹ̀ mí pé kí n yọ ọ́, àwọn tó kù ò bẹ̀ mí ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àna wọn ń ka ìwé yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ń gbé, ọmọbìnrin mi wà ní praimárì. Tíṣà ní kí wọ́n kọ kọ̀mpósísọ̀n nípa bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ Sátidé, ni ọmọ yìí bá kọ ọ́ pé "My mother went to the market and I was starving till evening." Ẹ gbà mí o! Mo se ìrẹsì kalẹ̀ kí n tó lọ Ọjà Ọba, ó jẹ ẹ́, ó tún fi búrẹ́dì lé e. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní súkúù, tíṣà ń wò mí láti òkè délẹ̀, ó ń béèrè bóyá gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nílé. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Kí ló wà nínú "starving" yìí gan-an tí kò sí nínú "hungry"?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ìtìjú yẹn ò kéré. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, tíṣà yẹn ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ohun tí ọmọ yín gbọ́ nínú kátúùnù ló kọ sílẹ̀, ohun tó wà nínú díṣọ́nárì sì ni tíṣà kà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Lẹ́nu, "I'm starving" ò le rárá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti súkúù dé lè ju báàgì sílẹ̀ kó ní "Mum, I'm starving", ìyá ẹ̀ ò ní yíjú wò ó pàápàá, á kàn ní kó lọ fọwọ́, oúnjẹ ń bọ̀. Ebi tó wà láàárín oúnjẹ kan sí ìkejì lásán ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sórí ìwé, àgàgà tí a bá fi "mother" ṣíwájú ẹ̀ tí a wá fi "till evening" tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà á padà wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀, á di pé èèyàn ò rí oúnjẹ jẹ fún ìgbà tó pẹ́ débi pé ara ẹ̀ ti ń joro, tí ikú sì lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kà á báyẹn, ohun tó máa yé e ni pé ìyá ló fi ebi pa ọmọ. Tó bá wá di "she starves the child", ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tíṣà, ọ̀rọ̀ wẹ́fíà nìyẹn, ọlọ́pàá lè dá sí i.

Ẹ ní kó máa kọ "I was very hungry". Kò sí tíṣà tó máa gé máàkì ẹ̀ torí ìyẹn, tó bá sì fẹ́ kó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ kó sọ bí inú ẹ̀ ṣe ń kùn tó sì ń wo géètì pé ìgbà wo ni màmá máa dé, kọ̀mpósísọ̀n gidi nìyẹn.

Ẹ má wá pariwo mọ́ ọn pé irọ́ ló pa o, torí ó ṣeé ṣe kí ebi pa á lóòótọ́. Ikùn wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ghrelin, ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan kan, Kojima àti Kangawa, kọ̀wé nípa ẹ̀ fún ayé gbọ́. Tí àsìkò tí a máa ń jẹun bá ti ń sún mọ́, ó máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ó tó àkókò, tí a bá jẹun tán ó máa wálẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti jẹun ní agogo méjì, tó bá ti di agogo méjì ara ẹ̀ á máa bèèrè, kò mọ̀ pé ọjà Sátidé ni màmá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Àró ni ilé mi. Àwọn ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó máa ń sọ pé àsọdùn pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ebi kékeré wọ́n á ní "starving", òtútù kékeré wọ́n á ní "freezing". Mo ní kí wọ́n dákẹ́ jàre. Yorùbá tó ń sọ láti àárọ̀ pé ebi ń PA òun, ta ló tún mọ àsọdùn jù ú lọ? Ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa.

ÌDÁHÙN: Tíṣà àgbà, ìbéèrè yín yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó sí i dáadáa.

Ẹ wo iṣẹ́ tí "pa" ń ṣe lẹ́nu wa. Òjò pa mí. Oòrùn ń pa mí. Ọtí ń pa á. Ẹ̀rín pa mí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé òjò pa ẹ́ tó máa lọ bá káfíńtà sọ̀rọ̀ pósí. Pa yẹn ti di ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan kan bá èèyàn, pé ó mú un, kì í ṣe pé ó gba ẹ̀mí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ebi bá wá le lóòótọ́, pa nìkan kì í tó wa mọ́, a máa fi nǹkan tì í lẹ́yìn: ebi ń pa mí kú lọ, ebi fẹ́ lù mí pa, ebi ń pa mí bí ẹni máa kú, ojú mi ti ń ṣú. Àwọn àgbà ní "ebi ń pa mí" ò ṣeé fi ìfé wí, ẹ wò ó dáadáa, wọn ò sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ti fẹ́ kú, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó la ẹnu kó sọ ọ́ ketekete kí àwọn tó ní oúnjẹ lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì tó ń bá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, nígbà tí tiẹ̀ le dé góńgó, kò ní ebi ń pa òun, ó ní òun ń kú fún ebi. Kú la gbé wá síbẹ̀, torí pa ti fẹ́lẹ́ jù.

Ọ̀nà tí "starve" gbà wá wá yàtọ̀ pátápátá, ó tilẹ̀ jọ pé ó rìn ín sẹ́yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "steorfan" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju kú lọ, kú lásán, ì báà jẹ́ ikú ogun tàbí ikú àìsàn, kò kan ebi. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo tiwọn bẹ́ẹ̀ títí dòní, "sterben" ni kú lọ́dọ̀ wọn, "sterven" ni lọ́dọ̀ àwọn ará Netherlands. Ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kúrò ní ikú èyíkéyìí ó di ikú ebi tàbí ikú òtútù, ó tún kúrò níbẹ̀ ó di ebi tó lè yọrí sí ikú, ó wá di ebi ọmọ tó ti súkúù dé yìí. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ìbílẹ̀ apá àríwá níbẹ̀ ṣì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní àwọn "starved", òtútù ló ń mú wọn, ẹ lè gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ kó jẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń wá. Ó ti rọ̀ débi pé tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ebi pa ẹnì kan kú wọ́n máa ń ní "starve to death", tó jẹ́ pé tí ẹni tó gbé ayé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn bá gbọ́ ọ á máa ṣe kàyéfì pé ó kú títí ó fi kú kẹ̀?

Ohun kan wà tí Yorùbá mú dáni tí "starve" ò mú. Ebi pa á yàtọ̀ sí wọ́n fi ebi pa á. Èkíní, kò sẹ́jọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ó lè jẹ́ pé kò tíì délé ni. Ìkejì, ẹnì kan wà nídìí ẹ̀, ẹnì kan ló ti kọ́bọ́ọ̀dù pa. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan, afi kí èèyàn wo bí wọ́n ṣe tò ó kó tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, ohun tó sì ko bá ìyá ọmọ tó kọ̀wé ṣáájú nìyẹn.

Èmi ò dá ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ yín láre o, ọ̀mì ni. Àwọn ọmọ pijin tó ní "hungry wan kill me" náà wà nínú ẹjọ́ yìí, ẹ̀yìn yín ni wọ́n tò sí.

ÌBÉÈRÈ: FUTA ni mo wà, 300 level. Ìjà ebi ló ṣẹlẹ̀ nínú rúùmù wa. Ẹnì kan ní òun "famished", èkejì ní kò ṣeé sọ, pé "ravenous" ló dáa jù, pé ó wá láti ara raven, ẹyẹ tó máa ń jẹ òkú ẹran. Ẹnì kẹta ní òun kàn "peckish" ni, ẹnì kẹrin ní gbogbo wa ti "hangry". Ẹ bá wa ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó gùn, a ní tẹ́ẹ̀sì.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ̀ ń jà lórí Gẹ̀ẹ́sì ebi, ta ló ń se oúnjẹ?

O rántí ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. "Peckish" ò kúrò ní ìdí gúgúrú. Ara "peck" ni wọ́n ti yọ ọ́, bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo jẹ, ẹni tó bá ní òun peckish kàn ń wá nǹkan fi panu ni, bisikíìtì tàbí ẹ̀pà tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ́pọ̀ sí. Má lọ lò ó fún ẹni tó ti sáré bọ́ọ̀lù fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

"Famished" wà ní ìdí iyán, iyán tí wọ́n ń gún lọ́wọ́ tó ò lè dúró dè mọ́. Látinú "fames" ló ti wá, ìyẹn ebi lédè Látìn, ó gba ẹnu àwọn ará Faransé kọjá kó tó dé Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti "famine". Ó dáa, kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn máa ń dún bí ọ̀rọ̀ inú ìwé díẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ "I'm very famished" tàbí "I'm very starving", mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín gan-an ní South Gate, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi very sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti dé òkè téńté, kò sí ibi tí very tún fẹ́ gbé e lọ. "Absolutely" tàbí "completely" ni wọ́n ń fi sí i tí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. Hungry ló ń gba very.

Ẹni tó ní ravenous wá láti ara raven, kó fara balẹ̀. Ẹyẹ ìwò tí Nóà rán jáde nínú ọkọ̀ ò mọ nǹkan kan sí i, orúkọ tiẹ̀ ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, "hræfn" ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́. Ravenous ní tiẹ̀ wá láti ọ̀rọ̀ Faransé kan tó túmọ̀ sí kí èèyàn fi agbára já nǹkan gbà, bí olè ṣe ń jà á gbà lójú títì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń jẹun ló wà nínú ẹ̀ ju bí ebi ṣe ń pa á lọ, ìwà ìkookò wà nínú ẹ̀. O lè sọ ọ́ nípa ara ẹ pé "I was ravenous", wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tó o bá wá sọ ọ́ nípa bàbá ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ, wọ̀bìà lo pè é yẹn.

Hangry ni ọmọdé inú wọn. Wọ́n kó "hungry" àti "angry" pọ̀ ni, January 2018 ni díṣọ́nárì Oxford tó tóbi jù gbà á wọlé, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ kí n má parọ́, ó ń dún bí orúkọ oògùn ikọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, o ti rí i pé ìbínú náà wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a gé ọ̀rọ̀ kankan. Má kọ hangry sínú ìdánwò, o lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ lórí WhatsApp.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń tajà nílùú Oǹdó. Rédíò ń sọ "famine" ní ibí, famine ní ọ̀hún, ọmọ mi ní ìyàn nìyẹn. Ẹ wò ó, pẹ̀lú iye tí à ń ra gàrí àti iṣu báyìí, ṣé a lè sọ pé famine ti mú ní Nàìjíríà? Àwọn oníbàárà mi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàn ni lóòótọ́, ọmọ yín gbà á. (Ẹ kàn ní kó máa fi àmì sí i tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, nílùú Oǹdó tí iyán ti jẹ́ ọba yìí, ẹni tó bá rí "iyan ti de" láìsí àmì lè lọ fọwọ́ kó jókòó ti tábìlì.) Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ famine lórí rédíò, tí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ wọn, wọn kì í sọ ọ́ láti inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n wà fún un.

Àjọ àgbáyé ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní IPC, Sòmálíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó pín ebi sí ìpele márùn-ún, ìkarùn-ún ni famine. Kí wọ́n tó lè sọ pé agbègbè kan ti dé ibẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kó jẹ́ pé nínú ilé márùn-ún, ó kéré tán ọ̀kan ò rí oúnjẹ jẹ mọ́ rárá; kó jẹ́ pé nínú ọmọdé 100, ó tó 30 tó ti gbẹ torí àìjẹunre-kánú; kó sì jẹ́ pé nínú 10,000 èèyàn, ó kéré tán méjì ń kú lójúmọ́, yálà ebi ló pa wọ́n ní tààrà tàbí àrùn tó bá ebi rìn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ọ́ lemọ́lemọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Sòmálíà ní 2011, ní Gúúsù Súdàn ní 2017, ní àgọ́ Zamzam ní Dàfúù lórílẹ̀-èdè Súdàn ní 2024, wọ́n sì sọ ọ́ ní Gásà ní oṣù August 2025. Ti Sòmálíà yẹn, ìwádìí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ fi hàn pé èèyàn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 260,000, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, púpọ̀ nínú wọn sì ti kú kí wọ́n tó kéde ọ̀rọ̀ náà rárá. Apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ní irú ìwọ̀n yìí, Cadre Harmonisé ni wọ́n ń pè é, ìpele márùn-ún ni òun náà ní.

Nàìjíríà ńkọ́? Oṣù July 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù May, tí owó ọkọ̀ fò sókè tí owó oúnjẹ sì fò tẹ̀ lé e. Pàjáwìrì ni wọ́n kéde, wọn ò kéde famine. Ohun tí à ń rí lọ́jà yín yẹn, tí oúnjẹ wà ńlẹ̀ tí owó ẹ̀ ló kọjá agbára, ọ̀wọ́ngógó ni orúkọ tiẹ̀. Ẹ má rò pé mo ń fojú kéré ẹ̀ o. Ẹni tí ò rówó ra gàrí tó wà níwájú ẹ̀, ebi ń pa á bí ẹni tí kò rí gàrí rárá, "hunger" sì ni Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè já a níyàn. Famine nìkan ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń ka òkú.

ÌBÉÈRÈ: Ìsìkan ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi gba ààwẹ̀ gbọọrọ lórí òkè, omi nìkan ló ń mu. Ó fi fóònù sọ pé kí a gún iyán dè òun pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́. Ìyá àgbà ta kò ó, wọ́n ní ẹni tí ebi ti pa débẹ̀ kì í fi iyán ṣí i, pé àwọn mọ̀ ọ́n láti ìgbà ogun Biafra. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ta ló jàre? Ẹ tún sọ fún wa, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni "kwashiorkor" tí màmá ń pè?

ÌDÁHÙN: Ìyá àgbà ló jàre, ẹ má gún iyán yẹn.

Tí èèyàn ò bá jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá tó ti kó pamọ́, á sì máa ná àwọn èròjà bíi phosphate, potassium àti magnesium títí wọ́n á fi kù díẹ̀. Tí iyán bá wá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣúgà inú ẹ̀ á jẹ́ kí ara tú insulin jáde rẹpẹtẹ, insulin á wá fa ìwọ̀nba phosphate tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara lọ, ibẹ̀ ni ọkàn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, èèyàn lè kú sórí oúnjẹ. "Refeeding syndrome" ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé àgọ́ Bergen-Belsen ní Jámánì, níbi tí ìjọba Hitler ti èèyàn mọ́, ní April 1945, oúnjẹ ológun tó ní ọ̀rá ni wọ́n kọ́kọ́ pín fún àwọn tí ebi ti sọ di egungun, àánú ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ara àwọn míì ò gbà á, wọ́n kú. Lónìí, ọmọ tí ebi ti gbẹ débi tó le, tí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù, wàrà kan tó ń jẹ́ F-75 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru, ìgbà tí ara ẹ̀ bá rọlẹ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ sórí F-100 tó lágbára jù ú lọ. Torí náà tí àbúrò yín bá ti lo ju ọjọ́ márùn-ún lọ láìjẹ nǹkan gidi, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ gbà kọjá, kó ṣàlàyé fún wọn, wọ́n á sọ ohun tó máa fi ṣí i àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ má fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn náà.

Kí ẹ sì má bínú sí i pé iyán ló ń rò lórí òkè àdúrà. Ní November 1944, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ sí yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ẹ̀sìn àwọn ò jẹ́ kí àwọn jagun, wọ́n gbà fúnra wọn pé kí wọ́n dín oúnjẹ àwọn kù fún bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi pa. Oúnjẹ nìkan làwọn ọkùnrin yẹn ń sọ, òun ni wọ́n ń lá lálàá, àwọn míì jókòó ti ìwé ìdáná tí wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé bẹ́ẹ̀ yẹn, "starvation" gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, kò sí àsọdùn níbẹ̀.

Kwashiorkor kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gà ni, ní Ghana. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Gold Coast, bi àwọn ìyá wọn pé kí ni wọ́n ń pe àìsàn tó ń jẹ́ kí ikùn ọmọ wú tí irun ẹ̀ sì ń pọ́n, orúkọ tí wọ́n pè fún un ló gbé sínú ìwé àwọn dókítà ní 1935. Wọ́n ní àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú torí pé àbúrò ẹ̀ ti dé ni. Àwọn tó mọ ìgbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ní Nàìjíríà, ogun yẹn ò sì jìnnà sí wa, Orè ni àwọn ọmọ ogun Biafra bá a dé ní August 1967, ẹ bi màmá, wọ́n á sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ́fíìsì kan ní Alágbàká ni mo wà. Ọ̀gá wa ń ka lẹ́tà sókè nínú mítíìnì, gbogbo wa gbọ́ ọ pé "our starve are complaining". A rẹ́rìn-ín títí. Ṣé àṣìṣe ni?

ÌDÁHÙN: "Staff" ló wà níwájú ẹ̀, ahọ́n Yorùbá ni ò ní "v", "starve" àti "staff" ń di sitáàfù méjèèjì lẹ́nu wa. Àmọ́ tí wọn ò bá tíì san owó oṣù, mi ò rí àṣìṣe níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí i nínú ìwé ìròyìn pé àdúgbò kan wà tó "starved of electricity". Ṣé iná ni wọ́n fẹ́ jẹ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Tí "of" bá ti tẹ̀ lé "starved", ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti tán, ó ti di pé wọ́n fi nǹkan tó yẹ kí ẹnì kan ní dù ú fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń lò ó fún owó, fún ìfẹ́, fún oorun, fún afẹ́fẹ́. Ilé ìwé tí ìjọba ò fún lówó, "starved of funds" ni. Ti iná yẹn, mo gbà pé wọ́n lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè fi ohun kan dù yín, ẹ gbọ́dọ̀ ti máa rí i tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ti pẹ́ jù ládùúgbò yẹn bóyá iná ti wà níbẹ̀ rí.